Òsùn Dúdú, Igi Òkè Tí Wọ́n Fẹ́rẹ̀ẹ́ Kó Tán Nílẹ̀ Òkun

Nígbà tí ọyẹ́ bá ti mú gan-an ní ilẹ̀ Òkun, ní ìpínlẹ̀ Kogí, láti bí oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kejì, igi kan wà lára àwọn òkè tó yí Kàbà ká tí kò ṣeé ṣì mọ̀. Gbogbo ewé rẹ̀ á ti wọ́ dànù. Bí àwọn igi yòókù ṣe dúró ní ìhòòhò, tí koríko abẹ́ wọn ti gbẹ táútáú, òun á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó rúsúrúsú lórí gbogbo ẹ̀ka, oyin á sì bò ó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tó ń ti Lọ́kọ́jà bọ̀ gba ọ̀nà Ọ̀bàjànà á rí i lọ́ọ̀ọ́kán láàárín òkúta. Ẹni tó ń ti ìhà Ìjùmú bọ̀ á rí i pẹ̀lú. Àwa tí a dàgbà níbẹ̀ kò ka ìyẹn sí nǹkan bàbàrà. Igi ni, ó sì pọ̀.

Kò pọ̀ mọ́. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ rí èyí tó dàgbà dáadáa nínú rẹ̀, tí ọwọ́ àgbàlagbà kan kò lè ká ìdí rẹ̀, àfi kó múra láti pọ́n òkè, kó sì bẹ ọdẹ tó mọ ọ̀nà.

Òsùn dúdú ni àwọn àgbà ń pè é. Àwọn Hausa ń pè é ní madobiya. Lẹ́nu àwọn agẹgẹdú àti àwọn tó ń wa tírélà, mádírìdì ni. Lẹ́nu àwọn tó ń kó o lọ sí òkè òkun, rosewood. Orúkọ tó wà fún un nínú ìwé àwọn onímọ̀ ewéko ni Pterocarpus erinaceus. Ẹbí kan náà ni òun àti igi òsùn tí àwọn ìyá wa ń lọ̀ fún ìyàwó tuntun àti ọmọ àṣẹ̀ṣẹ̀bí. Ọmọ odò ni ti tọ̀hún, inú igbó tó tutù ló ń gbé. Èyí jẹ́ ọmọ ọ̀dàn àti òkè, ilẹ̀ gbígbẹ àti òkúta kò bà á lẹ́rù, láti Senegal títí dé Kamẹrúùnù ló sì ti ń hù.

Bí ẹ bá fi àdá kán an lára, omi pupa á sun láti ojú ọgbẹ́ náà, pupa tó ki, tó ń fà. Ọmọdé tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé igi náà ń ṣẹ̀jẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kejì, oje náà á ti dì, á ti dúdú, á sì máa kọ mànà bí oòrùn bá tàn sí i. Bí ẹ bá fi èékánná ha á, á fọ́ wẹ́wẹ́. Ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, oje yìí ni àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń rà láti etí odò Gáńbíà láti fi wo ìgbẹ́ gbuuru. Kino ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti ń lò ó tipẹ́ kí wọ́n tó mọ igi tó ti ń wá. Mungo Park, arìnrìn-àjò ọmọ Scotland, ló fi ẹ̀ka rẹ̀ ránṣẹ́ sílé fún wọn. Àwọn oníṣègùn tiwa kò dúró de Park. Èèpo igi náà ni wọ́n ń sè fún ẹni tí inú ń ṣí, wọ́n ṣì ń sè é títí di òní.

Kò síbi tí kò wúlò lára rẹ̀. Ikán kì í tètè jẹ ẹ́, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ṣe òpó ilé àti òpó abà. Èèkù ọkọ́ tí wọ́n bá gbẹ́ lára rẹ̀ máa ń pẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ fẹ́ràn èédú rẹ̀ torí pé iná rẹ̀ máa ń mú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí kò sí koríko tútù níbì kankan, ewé rẹ̀ ni àwọn Fúlàní darandaran máa ń gé fún màlúù àti àgùntàn wọn. Ní Bamako, olú ìlú Mali, àwọn èèyàn ń dì í ní ìdì-ìdì lọ tà lọ́jà. Ní Mali yìí kan náà àti ní Guinea àti Burkina Faso, wọ́n ń la igi rẹ̀ sí pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, wọ́n á yan án gbẹ, wọ́n á tò ó lé orí akèrègbè, òun ni wọ́n ń lù ní balafon. Ohùn tó ń ti ibẹ̀ jáde kì í ti inú igi mìíràn jáde bẹ́ẹ̀. Nínú ilẹ̀ pàápàá, ó ń ṣiṣẹ́: gbòǹgbò rẹ̀ ń dá ọ̀rá padà sínú ilẹ̀ bí ti ẹ̀pà àti ẹ̀wà, àgbẹ̀ tó bá fi í sílẹ̀ láàárín oko iṣu rẹ̀ kò ṣì í ṣe.

Ilẹ̀ Òkun jẹ́ ilẹ̀ òkè, òkè ló sì dá ẹ̀mí wa sí. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Núpé láti Bídà ń gba ìlú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń kó ọmọ wa lẹ́rú, orí òkè ni àwọn ará Owé, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀ ń sá sí, inú ihò àpáta ni wọ́n ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Ní 1897, Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ́gun Bídà. Láti ìgbà náà ni àwọn ìlú ti ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, sẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn òyìnbó là, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn wà. Orí òkè wá ṣófo. Ó di ti ọ̀bọ, ti ẹ̀gà, ti igi, àti ti ẹbọra tí àwọn bàbá wa ń bọ. Àgbẹ̀ kò lè kọ ebè sórí àpáta, ẹni tó ń wá igi ìdáná kò sì ní pọ́n òkè nígbà tí igi wà nílẹ̀. Báyìí ni òsùn dúdú ṣe wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ìrókò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ gé ìrókò á kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àgbà, á ṣe ètùtù, tàbí ó kéré tán á wojú ìyàwó rẹ̀ kó tó gbé ṣéènsọ́ọ̀ jáde. Òsùn dúdú kò ní irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ lára. A ò bọ ọ́, a ò bẹ̀rù rẹ̀. Mo gbà pé èyí wà lára ohun tó jẹ́ kó rọrùn láti kó o tán: nígbà tí àlejò dé pẹ̀lú owó, kò sí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ kan tí yóò sọ nítorí rẹ̀.

Kì í ṣe tiwa nìkan nirú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí. Ní ìhà gúúsù Malawi, òkè kan wà tó ń jẹ́ Mulanje, gíga rẹ̀ lé díẹ̀ ní 3,000 mítà. Orí rẹ̀ nìkan ni igi kan ń hù sí ní gbogbo ayé, tí wọ́n ń pè ní kédárì Mulanje, Widdringtonia whytei. Ara àwọn igi tí kì í wọ́ ewé ni, tí ewé wọn dà bí abẹ́rẹ́ tàbí ìpẹ́, tí èso wọn ń le bí igi. Ìbátan àwọn páìnì tí a rí nínú àwòrán Kérésìmesì ni. Igi rẹ̀ ń ta sánsán, ikán kì í jẹ ẹ́. Láti 1927 ni ìjọba ti fi òkè náà ṣe igbó ọba. Ní 1984, wọ́n sọ igi náà di igi orílẹ̀-èdè Malawi. Òfin wà, orúkọ wà, iyì wà. Síbẹ̀ àwọn tó ń gé e ń gòkè lóru, iná ọ̀dàn ń jó àwọn ọmọ rẹ̀, nígbà tó sì fi máa di nǹkan bí 2018 tí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn tó dàgbà, tó ṣì wà láàyè, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kù rárá. Àwọn ará abúlé tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè náà ni wọ́n wá kó jọ pé kí wọ́n máa tọ́ irúgbìn rẹ̀, kí wọ́n máa gbé e gòkè lọ gbìn, kí wọ́n sì máa gba owó iṣẹ́ wọn.

Nàìjíríà ní ìbátan páìnì tirẹ̀: Podocarpus wà lórí àwọn òkè gíga Tàràbà, ní agbègbè Gashaka-Gumti tó bá Kamẹrúùnù pààlà. Kò dé ọ̀dọ̀ wa. Páìnì tí wọ́n gbìn sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ àti ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nílẹ̀ Òkun, àjòjì ni gbogbo wọn. Igi òkè tiwa tí wọ́n ń kó lọ ni òsùn dúdú, ọ̀rọ̀ Mulanje sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n: òfin tó wà ní ọ́fíìsì kò ní ẹsẹ̀ tó lè fi pọ́n òkè.

Ilẹ̀ Ṣáínà ni ọ̀rọ̀ tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Láti ayé àwọn ọba Ming àti Qing ni àwọn olówó ibẹ̀ ti fẹ́ràn àga, tábìlì àti ibùsùn tí wọ́n fi igi pupa tó wúwo ṣe. Hongmu ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 2000, ìjọba wọn gbé ìlànà kan jáde tó ka irúfẹ́ igi 33 tó lè jẹ́ orúkọ yìí, òsùn dúdú tiwa sì wà nínú ìwé náà. Nígbà yẹn, ìwé lásán ni. Igi Thailand, Laos, Cambodia àti Vietnam ṣì wà nítòsí. Ṣùgbọ́n owó pọ̀ sí i ní Ṣáínà, àwọn tó lè ra ibùsùn hongmu di ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù, igi Éṣíà sì tán. Àwọn oníṣòwò yíjú sí Áfíríkà. Wọ́n kọ́kọ́ dé Gáńbíà àti Casamance ní Senegal, wọ́n dé Benin, Togo àti Ghana. Ghana fòfin dè é láti 2012, ó tún fòfin dè é lẹ́yìn náà léraléra, igi náà ṣì ń jáde. Ní nǹkan bí 2014, wọ́n kó dé Nàìjíríà tìlù-tìfọn.

Àjọ kan tó ń tú fìn-ín ìdí kókò lórí ọ̀ràn àyíká, Environmental Investigation Agency, gbé ìròyìn jáde ní oṣù Kọkànlá 2017. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ohun tí wọ́n rí. Láti oṣù Kìíní 2014 sí oṣù Kẹfà 2017, kọ̀ńténà tó lé ní 40 ló ń fi Nàìjíríà sílẹ̀ lójoojúmọ́. Nǹkan bí ìtì igi 5,600 ló wà nínú wọn, ìyẹn igi 2,800 tí wọ́n gé lulẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Nàìjíríà tó ń ra pákó láti òde tẹ́lẹ̀ di orílẹ̀-èdè tó ń ta ìtì rosewood jù lọ láyé. Kogí wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń gé e.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa rèé. Ọkùnrin kan á gun ọ̀kadà wọ abúlé, á wá ọmọ ìlú kan tó mọ ilẹ̀. Àwọn méjèèjì á jọ lọ bá olórí ẹbí tó ni òkè náà. Owó tí wọ́n á fún un kò ju ohun tí wọ́n fi ń ra ẹ̀mu àti obì sin àlejò lọ bí a bá fi wé iye tí igi náà yóò di ní Ṣáínà, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, lọ́wọ́ bàbá tí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ wà nílẹ̀, owó ni. Igi tí kò gbìn, tí kò bomi rin, tí kò sì lè gbé sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń rà. Lọ́jọ́ kejì, ṣéènsọ́ọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti òwúrọ̀. Wọ́n á gé orí igi náà sọ nù, wọ́n á gé ẹ̀ka sọ nù, wọ́n á fi ṣéènsọ́ọ̀ bọ́ èèpo àti ara funfun rẹ̀ títí á fi di onígun mẹ́rin, tí á ku pupa inú nìkan. Ìdajì igi náà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á wà nílẹ̀ níbẹ̀ de iná ọyẹ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin á ti ìtì náà yí sílẹ̀ òkè, wọ́n á tò ó jọ sẹ́bàá ọ̀nà, tírélà á sì wá kó o lálẹ́.

Mo ti dúró ti irú àkójọ bẹ́ẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n gé pupa rẹ́súrẹ́sú, oje ti sun jáde láàárín ojú ọ̀nà ìdàgbà rẹ̀, eruku ọ̀nà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ìlà wẹ́ẹ́rẹ́-wẹ́ẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀, tín-ín-rín, wọ́n sún mọ́ra débi pé àfi kéèyàn tẹ ojú mọ́ ọn kó tó lè rí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Igi tó ń dàgbà lórí àpáta kì í yára. Àwọn kan nínú ìtì náà kò nípọn ju itan ọmọdékùnrin lọ. Wọ́n ti gé àwọn àgbà tán kí wọ́n tó kàn wọ́n.

Ẹ má sì rò pé òfin kò sí. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó ń parun lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní CITES. 1974 ni a fọwọ́ sí i. Ìwé àwọn aṣọ́bodè wa ka igi gẹdú, lílà àti àìlà, mọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó jáde. Ní 2016, níbi ìpàdé CITES tó wáyé ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fúnra wọn ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi òsùn dúdú sínú Àfikún Kejì àdéhùn náà. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kìíní 2017, ìtì kan kò gbọdọ̀ kúrò nílùú láìní ìwé àṣẹ tó jẹ́rìí pé wọ́n gé e lọ́nà tó bófin mu, àti pé gígé náà kò ní pa igi náà run.

Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ìtì igi tó lé ní 1,400,000, tí iye rẹ̀ tó 300 mílíọ̀nù dọ́là, ti gúnlẹ̀ sí Ṣáínà, wọ́n sì dá a dúró lẹ́nu ibodè torí pé kò ní ìwé. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn Environmental Investigation Agency ṣe sọ, nǹkan bí 4,000 ìwé àṣẹ ni wọ́n fọwọ́ sí láti Nàìjíríà lẹ́yìn tí igi ti dé òdìkejì òkun, àwọn ibodè sì ṣí. Ìjọba sọ pé àwọn tẹ̀lé ìlànà. Ẹni tó bá ti gun òkè Bùnú láàárín ọdún wọ̀nyẹn mọ̀ pé kò sẹ́ni tó wá ka igi tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gé e, kò sì sẹ́ni tó wá kà á lẹ́yìn náà. Ìwé tó yẹ kó dáàbò bo igi ló wá di ohun tí wọ́n fi sọ ọ́ di ẹrù tó mọ́.

Ní oṣù Kẹwàá 2018, níbi ìpàdé kan ní Sochi lórílẹ̀-èdè Rọ́ṣíà, CITES ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè má ra òsùn dúdú Nàìjíríà mọ́. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn onímọ̀ kà á mọ́ àwọn igi tó wà nínú ewu ìparun. Ní 2022, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ní Panama, wọ́n fi apá àti ọ̀gànwó kún Àfikún Kejì náà, àti gbogbo ẹbí òsùn ní Áfíríkà. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wa: apá tí wọ́n fi gbẹ́ odó ìyá wa, ọ̀gànwó tó wà létí odò wa tí a ń bó èèpo rẹ̀ fún ibà, òsùn tí a fi ra ọmọ lára, gbogbo wọn ti wọ ìwé àwọn ohun tó ń parun lọ láàárín ọdún mẹ́fà.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn ọjà òde, ṣùgbọ́n igi náà kò tíì bọ́. Èédú ń jẹ ẹ́ báyìí. Nígbà tí gáàsì ìdáná bá wọ́n, àpò èédú á pọ̀ sí i lẹ́bàá gbogbo ọ̀nà tó wọ Kàbà, ẹni tó ń sun èédú kì í sì í fẹ́ igi tí kò le. Káṣú náà ń jẹ ẹ́. Mi ò bá káṣú jà, ó ti kọ́ ilé fún ọ̀pọ̀ ẹbí nílẹ̀ Òkun, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbin káṣú máa ń pa ilẹ̀ mọ́ tónítóní, kì í fi igi mìíràn sílẹ̀. Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn láti di gbogbo ẹ̀bi ru darandaran tó ń gé ewé. Ó jẹ̀bi lóòótọ́ níbi tó bá ti gé igi kan ṣoṣo lérí lọ́dọọdún tí igi náà kò fi lè so mọ́. Síbẹ̀, darandaran fẹ́ kí igi náà wà lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó tà á fún agẹgẹdú kò retí ọdún kankan mọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ onílẹ̀ sì ni onítọ̀hún.

Iná ló wá burú jù. Ẹ lọ wo kùkùté òsùn dúdú tí wọ́n gé ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Kò kú. Òjò àkọ́kọ́ tó bá rọ̀, á rú jáde láti ẹ̀gbẹ́, ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ewé wọn á máa dán, àwọn irun kéékèèké á wà lábẹ́ wọn. Kó tó di oṣù Kẹwàá, ó lè ga tó èèyàn. Lẹ́yìn náà, ọyẹ́ á dé, ọdẹ tó ń wá òkété á dáná sí koríko, tàbí kí àgbẹ̀ tó ń ṣán oko jẹ́ kí iná bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ohun tí igi náà fi òjò kan kọ́ á jóná dé ilẹ̀. Ọdún kejì, á tún rú. Iná á tún jó o. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìdi igi gidi, títí agbára gbòǹgbò rẹ̀ á fi pin. Igi náà ń gbìyànjú láti padà wá fúnra rẹ̀, kò tilẹ̀ béèrè pé ká gbin òun. Ohun tó ń béèrè kò ju pé kí iná má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún ìwọ̀nba ọdún, títí èèpo rẹ̀ á fi nípọn tó láti dá iná dúró.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gba ti àwọn tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá agbára wa, pé ọwọ́ Àbújá àti Geneva, níbi tí ọ́fíìsì CITES wà, ló wà. Geneva kò lè pa iná òkè Bùnú. Ẹbí tó ni òkè lè pa á. Ṣebí a mọ bí a ti ń so ààlè: mọ̀rìwò, àkísà àti ìkarahun ìgbín lórí igi kúkúrú kan, gbogbo ọlọ́wọ́ gígùn á sì mú ọ̀nà wọn pọ̀n. Lóde òní, ààlè lè jẹ́ ọ̀dà pupa lára igi ìyá tó kù lórí òkè, kí ọba àti àwọn ìjòyè sì kéde rẹ̀ lọ́jà pé ẹni tó bá gé igi tó ní àmì yìí yóò fojú ba ìlú. Irú igi bẹ́ẹ̀ kò ní láti pọ̀. Mẹ́wàá lórí òkè kan, bó bá ti ń so, á tú irúgbìn ká gbogbo àfonífojì rẹ̀, torí pé èso rẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi bébà yí ká, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e rìn. Àárín èso náà nìkan ló ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó ń gún ọwọ́, ibẹ̀ ni irúgbìn wà, ẹyọ kan tàbí méjì.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín kò ní wàhálà rẹpẹtẹ. Kí ó ṣa èso náà nígbà tó bá ti gbẹ lórí igi, kí ó fi ọ̀bẹ là á yọ irúgbìn, kí ó rẹ irúgbìn sínú omi di ọjọ́ kejì, kí ó sì gbìn ín sínú ọ̀rá tí wọ́n fi ń tọ́ káṣú. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, á ti hù. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ kí ó lọ gbìn ín sílẹ̀, kí ó sì máa ro ìdí rẹ̀ ní àyíká tó fẹ̀ dáadáa ní gbogbo oṣù Kọkànlá, kí iná má rí koríko gbà dé ibẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni ríro ìdí rẹ̀ yẹn, òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbin igi níwájú kámẹ́rà kì í padà wá ṣe. Kàbà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ láti 1964. Wọ́n ní ilẹ̀, wọ́n ní àwọn tó mọ irúgbìn, Ìbàdàn tí àjọ ìwádìí igbó, FRIN, wà kò sì jìnnà. Bí ilé ẹ̀kọ́ náà bá ń tọ́ òsùn dúdú fún àwọn ẹbí tó ní òkè ní Kàbà, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀, kò ní ná ìjọba lówó tó mọ́to kan.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó ilé ẹ̀kọ́ fún bàbá yẹn nígbà tí ọlọ́kadà bá tún dé? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí ìkìlọ̀ lásán ṣiṣẹ́, a kò sì lè fò ó. Ní Malawi, wọ́n san owó fún ará abúlé tó ń tọ́ kédárì. Àwa náà ní àwọn ọmọ Òkun tó wà ní Èkó, Àbújá, London àti Houston, tí wọ́n ń dáwó lọ́dọọdún fún gbọ̀ngàn ìlú, fún ẹ̀rọ amúnáwá, fún ẹ̀bùn ẹ̀kọ́. Gbọ̀ngàn ìlú ti pọ̀. Ẹbí tó ṣọ́ òkè rẹ̀ fún ọdún kan láìsí iná, láìsí ìtì igi kan tó sọ̀ kalẹ̀, yẹ lẹ́ni tí ìlú ń fún lówó nínú àpò yẹn, ní gbangba, kí gbogbo ayé rí i.

Oṣù Kejìlá ni àwọn ọmọ ìlú máa ń wálé, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe ìpàdé ọdún, tí Okun Development Association náà ń pe ìpàdé tirẹ̀. Àsìkò yẹn ni òsùn dúdú tó kù ń bẹ̀rẹ̀ sí í tanná. Kí wọ́n fi nǹkan mẹ́ta síwájú ìpàdé ọdún yìí, kó tó kan ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn: orúkọ àwọn ẹbí tó ni òkè kọ̀ọ̀kan, iye igi ìyá tó ṣì dúró lórí rẹ̀, àti iye tí ìlú yóò máa san fún ẹbí tí iye tirẹ̀ kò bá dín kù ní ọdún tó ń bọ̀. Ọdẹ ló mọ ìdáhùn sí ìbéèrè kejì, nítorí náà kí wọ́n pe àwọn ọdẹ wá sí ìpàdé náà, kí wọ́n fún wọn ní àga níwájú.